Apani Tó Ń Béèrè Abọ́

Ẹ sún mọ́ iná, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn. Fréjọ̀n kì í fẹ́ kánjúkánjú. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ni àwọn ìyá wa ní Pópó Àgùdà l'Ékòó ti máa ń gbé ẹ̀wà kaná, kí ó rọ̀ dénú, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n da oje àgbọn sí i, kí wọ́n sì máa rò ó títí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere yóò fi mọ́. Bí ẹni tó ń rò ó bá sùn, ìdí ìkòkò á jóná. Èmi ti dàgbà kọjá ẹni tí ń ro ẹ̀wà. Iṣẹ́ tèmi lálẹ́ yìí ni kí n má jẹ́ kí ẹ̀yin sùn.

Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe ti ayé àtijọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí nínú apá tí ẹ fi di ọmọrogùn mú.

Ẹ mọ̀ pé láàbù ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ọdún 34 ni mo fi wo ẹ̀jẹ̀ ọlọ́mọ lábẹ́ ẹ̀rọ awò, tí mo ń ka sẹ́ẹ̀lì pupa, tí mo ń ka funfun. Mo ti wo ẹ̀jẹ̀ ìyàwó tuntun, mo ti wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a bí lánàá, mo ti wo ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní í rí oṣù tó ń bọ̀, tí èmi sì mọ̀ kí òun tó mọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan wà tí ìyanu rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan ni. Ó tóbi díẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìdílé rẹ̀ lọ, ó sì ní hóró wínníwínní nínú bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Bí ẹ bá ka 100 nínú ìdílé sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò tí wọ́n ń pè ní lymphocyte nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ẹ ó rí 5 sí 15 tó jẹ́ irú rẹ̀. Natural killer ni àwọn olóyìnbó sọ ọ́. Èmi ń pè é ní apani àbínibí, nítorí pé pípa kò jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. A bí i mọ́ ọn ni.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe nítorí pé ó ń pa nǹkan ni mo ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bó ṣe ń mọ ẹni tí kò yẹ kí ó pa.

Lọ́la, kí oòrùn tó ga, abọ́ fréjọ̀n á ti máa rìn láti ilé dé ilé. Láti Bámgbóṣé dé Kakawa, láti Tòkunbọ̀ dé Campos, ilé tó se é á bù fún ilé tí kò se, ilé onígbàgbọ́ á bù fún ilé ìmàle. Ẹni tó gba abọ́ yẹn kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló gbà. Yóò tọ́ ọ wò, yóò sì mọ bí nǹkan ṣe rí nínú ilé tó ti wá. Oje àgbọn pọ̀, àlàáfíà ni. Oje àgbọn ṣàn, owó wọn le lọ́dún yìí. Ẹ̀wà jóná, ẹni tó máa ń rò ó ti ń ṣàìsàn nìyẹn. Ìyá mi máa ń fi ẹnu kan ṣoṣo mọ ilé tó yẹ kí a lọ kí.

Sẹ́ẹ̀lì ara yín náà ń gbé abọ́ síta. Gbogbo ohun tó bá ń sè nínú, ìyẹn àwọn purotéènì tó fi ń ṣayé, ó máa ń gé díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, yóò gbé e sínú àwo kékeré kan, yóò sì gbé àwo náà sí ẹnu ọ̀nà. HLA class I ni orúkọ àwo yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara tí kì í gbé e síta. Àwọn atọ́wò sì wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò, àwọn tí wọ́n ń pè ní T cell, tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń tọ́ àwo wò. Bí wọ́n bá tọ́ fáírọ́ọ̀sì wò nínú àwo, wọ́n mọ̀ pé àlejò burúkú ti gba ilé ìdáná, wọn yóò sì pa sẹ́ẹ̀lì náà kí ó tó ran àwọn yòókù.

Ẹ wá wo ọgbọ́n olè. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ cytomegalovirus. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa ló ń gbé e kiri láìmọ̀. Ó ti bá ènìyàn gbé pẹ́ débi pé ó mọ àṣà ilé wa. Nígbà tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan nínú ohun tó ń ṣe ni pé kí ó fa àwọn àwo náà padà wọlé kí ó sì fọ́ wọn. Kò sí àwo níta, kò sí ohun tí atọ́wò yóò tọ́ wò. Àwọn jẹjẹrẹ kan náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé dákẹ́, ilẹ̀kùn tì, atọ́wò kọjá lọ.

Ibẹ̀ ni apani àbínibí ti ń yọ. Òun kì í tọ́ nǹkan kan wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú wá sí ẹnu ọ̀nà: abọ́ dà?

Ẹ rò ó wò. Bí gbogbo ilé ní Pópó Àgùdà bá gbé abọ́ síta lọ́la, tí ilé kan ṣoṣo kò gbé nǹkan kan síta, tí fèrèsé rẹ̀ sì wà ní títì, ṣé a ó kọjá? Ìyá mi kì í kọjá. Àìsí abọ́ gan-an ni ìròyìn.

Ọkùnrin ará Sweden kan tó ń jẹ́ Klas Kärre ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀. Lọ́dún 1975, ní Karolinska, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńlá tó wà ní Stockholm, Rolf Kiessling, Eva Klein àti Hans Wigzell kéde ohun kan tó ṣàjèjì. Nígbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá eku ti kọ́ bí a ṣe ń bá jẹjẹrẹ jà, wọ́n á mú eku tí kò rí jẹjẹrẹ rí, kí wọ́n lè fi í ṣe òṣùwọ̀n fún èyí tó ti rí i. Eku tí kò kọ́ nǹkan kan, kò yẹ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè pa nǹkan kan. Ó sì ń pa! Àwọn mìíràn ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ariwo lásán ni, àṣìṣe inú ìgò. Àwọn wọ̀nyí kò pè é láriwo. Wọ́n wá ẹni tó ń pa náà kiri títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dún yẹn kan náà, Ronald Herberman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí i lọ́tọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí Eva Klein. Obìnrin Júù ni, ọmọ Hungary. Nígbà tí àwọn Násì gba Budapest, ńṣe ló fara pamọ́ kí ó tó lè yè é. Ẹni tó ti gbé nílùú tí àmì tó wà lára ènìyàn ń sọ bóyá yóò rí ọ̀la, òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì tó ń yẹ àmì wò. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ó fi ìyẹn ṣe. Èmi, nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó di 1986, Kärre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú jẹjẹrẹ eku kan tó wà ní oríṣi méjì. Ọ̀kan ń gbé àwo síta, èkejì ti sọ àwo rẹ̀ nù. Wọ́n fi wọ́n sára eku. Èyí tó ní àwo ń dàgbà. Èyí tí kò ní, apani àbínibí ń gbá a dànù. Títí di ìgbà náà, ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé ẹ̀ṣọ́ ara ń wá àjèjì. Kärre ní rárá, ẹ̀ṣọ́ yìí kò wá àjèjì. Ará ilé ló ń wá, tí kò bá sì rí àmì ará ilé, ọwọ́ rẹ̀ á gbéra. Èmi kà á sí ọ̀kan nínú èrò tó dára jù lọ tí ènìyàn ti rò nípa ara, mo sì ti ka púpọ̀.

Ẹ rò ó, ẹ rò ó, ọwọ́ yín ti ń dúró.

Àbúrò yín tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti ń wò mí láti ẹ̀ẹ̀kan, mo sì mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè rẹ̀ lọ́dún tó kọjá: “Bàbá, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í gbé àwo yẹn síta. Kí ló dé tí ẹ̀ṣọ́ yín kì í pa wọ́n?” Ìbéèrè ọmọ tó ń lo ọpọlọ ni. Bó bá jẹ́ pé àìsí abọ́ nìkan ló tó láti pani, ẹ̀jẹ̀ wa ì bá ti tán láti ọjọ́ tí a ti bí wa.

Ìdáhùn rẹ̀, Ẹyọ̀ ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni yín níhà ìyá, ẹ ti rí Ẹyọ̀ lójú. Agbádá funfun gbalaja dé ilẹ̀, akẹtẹ̀ lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ìdúmọ̀tà, Ẹyọ̀ kò ní í na ẹnikẹ́ni. Kò mọ̀ wọ́n, wọn kì í ṣe ará ìgà rẹ̀, ó sì ń kọjá lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìkíni. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan wọ bàtà jáde, kí obìnrin kan di sùkú, kí ẹnìkan fi sìgá sẹ́nu, ọ̀pámbàtà á gbéra. Èèwọ̀ ló ń gbé ọ̀pá yẹn sókè. Àìmọ̀ ẹni kò tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni apani àbínibí. Ọwọ́ oríṣi méjì ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ kan ń wá àwo: bó bá ti di àwo HLA mú, yóò rán ọ̀rọ̀ sínú pé ká dúró. Àwọn tí wọ́n ń pè ní KIR àti NKG2A wà nínú àwọn ọwọ́ ìdádúró yìí. Ọwọ́ kejì ń wá èèwọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ìyà bá ń jẹ, tí fáírọ́ọ̀sì bá ti gbà, tí jíìnì rẹ̀ bá ti fọ́ tó fẹ́ di jẹjẹrẹ, máa ń gbé àmì ìpọ́njú jáde sára awọ rẹ̀, irú bí èyí tí wọ́n ń pè ní MICA. Ọwọ́ kan tó ń jẹ́ NKG2D ló máa ń di ìyẹn mú, yóò sì rán ọ̀rọ̀ sínú pé ká lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò gbé àwo síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ bàtà níwájú Ẹyọ̀. Kò sí èèwọ̀ lára rẹ̀, apani sì ń fi í sílẹ̀.

Báwo ni ẹ̀ṣọ́ yìí ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn? Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí ọwọ́ èèwọ̀ bá di nǹkan mú, ńṣe ni wọ́n ń lẹ èròjà kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì mọ́ àwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń tan fìtílà lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi dé yàrá ìjà. Nígbà tí ọwọ́ ìdádúró bá di àwo mú, ó ń pe òṣìṣẹ́ mìíràn wá sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà, tó ń ré fọ́sífétì kúrò, tó ń pa fìtílà náà bí wọ́n ṣe ń tàn án. Ẹni tó ń tàn án àti ẹni tó ń pa á wà lójú kan ṣoṣo. Bí ẹni tó ń pa á bá lágbára jù, ìmọ́lẹ̀ kò ní í dé yàrá ìjà, apani á gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, á kí ará ilé, á sì kọjá sí ojúlé tó kàn. Bí ẹni tó ń tàn án bá borí, àwọn hóró wínníwínní tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á sún sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjèèjì ti fara kanra. Èyí tó ń jẹ́ perforin nínú wọn á lu ihò sí ara sẹ́ẹ̀lì búburú náà. Èyí tó ń jẹ́ granzyme á gba ihò wọlé, á sì fi ìyà jẹ ẹ́ títí yóò fi pa ara rẹ̀ láti inú. Apani á yọ ọwọ́ rẹ̀, á wá òmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ àwo ilé yìí yàtọ̀ sí ti ilé ẹlòmíràn? Àwo HLA tìrẹ kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ̀kọ́ ni. Bó ṣe ń dàgbà bọ̀ láti mùdùnmúdùn inú egungun, ara á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní ọwọ́ ìdádúró tó bá àwo ilé yìí mu. Èyí tó bá ní in ni ara máa ń fún ní agbára ìjà tó pé. Èyí tí kò ní ọwọ́ kankan tó mọ àwo ilé, ara kò ní í pa á, ṣùgbọ́n yóò fi í sílẹ̀ ní aláìlágbára. Kí a tó fún ọ ní idà, fi hàn wá pé o mọ ará ilé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo bínú díẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ìyẹn, nítorí mo rántí ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìlójo Bar ní Tinúbu. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, ló fi ọwọ́ wọn mọ ọ̀ṣọ́ ara ògiri rẹ̀, ìjọba sì ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Àmì ìdádúró wà lára rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀wé lè kà á. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọwọ́ tó wó o kò kọ́ àmì ilé. Bí ẹ̀ṣọ́ inú ara bá hùwà bẹ́ẹ̀, ara á máa jẹ ara rẹ̀ ni.

Àbúrò yín tó wà lórí àga yẹn, ìwọ tí o di oyún oṣù mẹ́rin sínú, tìrẹ wà nínú ìtàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, nínú awọ ilé ọmọ, nínú 10 sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà níbẹ̀, bíi 7 ló jẹ́ irú apani yìí. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: yàrá tí ọmọ fẹ́ gbé, apani ló kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìdajì àmì ara ọmọ náà, ti bàbá rẹ̀ ni, àjèjì ni lójú ara ìyá. Wọn kì í pa á. Ọwọ́ wọn á di àwọn àwo tí ibi ọmọ gbé síta mú, wọn á sì yí padà di mọlémọlé: wọ́n ń bá ibi ọmọ tún iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá ṣe, kí ó fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Níbẹ̀, bí ìdádúró bá pọ̀ jù, kò dára. Lọ́dún 2015, Annettee Nakimuli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn aláboyún tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala. Wọ́n rí i pé irú jíìnì KIR tí ìyá ní, tó bá pàdé irú àwo kan tí ọmọ gbé wá, lè mú kí ìyá wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún. Wọ́n tún rí i pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kan ní irú KIR kan tó ń dáàbò bò wọ́n, tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá so okùn mọ́ ọ lápá láti wọn ìfúnpá rẹ, má ṣe ní ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Jẹ́ kó wọ̀n ọ́ ní gbogbo ìgbà tí o bá lọ.

Iná ti ń rẹlẹ̀. Kí ẹnìkan fi èédú sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an ni mo fẹ́ dé báyìí.

Lọ́dún 1963, ní Nàìjíríà wa níbí, ọmọkùnrin ọdún 11 kan ní ìwú sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, lápá òsì. Jẹjẹrẹ Burkitt ni. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1958. Jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé ni, tó wọ́pọ̀ níbi tí ibà ẹ̀fọn ti wọ́pọ̀, tó sì ń yára wú bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà sí. Dókítà kan tó ń jẹ́ Pulvertaft mú díẹ̀ lára ìwú ọmọ náà, ó fi sínú omi tí sẹ́ẹ̀lì ń jẹ. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó wá láti ìdílé ẹ̀jẹ̀, tí a bá gbé e jáde nínú ara, ọjọ́ díẹ̀ ló máa ń lò kó tó kú. Èyí kò kú. Ó ń pín, ó ń pín. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ nínú ìgò láìdáwọ́ dúró. Raji ni wọ́n ń pè é.

Raji! Orúkọ tí a máa ń ké sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo àdúgbò Èkó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, láàárín àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà òyìnbó, ńṣe ló dà bí ẹni pé mo rí ọmọ àdúgbò mi nínú ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ òkèèrè. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ni Raji wà nínú fìríìjì wọn. Ó ti pé 60 ọdún ó lé tó ti ń dàgbà nínú ìgò, ní Tokyo, ní London, ní Houston.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún wọn? Òun ni wọ́n fi ń dán apani àbínibí wò. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ K562, tí wọ́n mú láti ara obìnrin ọdún 53 kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà. K562 kò ní àwo HLA lára. Bí wọ́n bá da apani àbínibí sí i, láàárín wákàtí mẹ́rin, òkú sẹ́ẹ̀lì ti fọ́n ká inú ìgò. Raji ní àwo tirẹ̀. Bí wọ́n bá da apani yẹn kan náà sí i, á dì í mú, á wò ó, á sì fi í sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó gbé abọ́ síta. Èyí ni ibi tí ọgbọ́n ẹ̀ṣọ́ wa ti kù díẹ̀ káàtó: jẹjẹrẹ tó bá mọ̀wà hù ní ẹnu ọ̀nà lè tàn án jẹ.

Àwọn onímọ̀ wá bi ara wọn pé, bí a kò bá lè gba abọ́ lọ́wọ́ Raji, ṣé a kò lè wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀ kí Ẹyọ̀ lè rí i? Wọ́n ṣe é. Oògùn kan tó ń jẹ́ rituximab, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1997, máa ń lẹ̀ mọ́ ara irú sẹ́ẹ̀lì tí Raji jẹ́. Apani àbínibí sì ní ọwọ́ kan, CD16, tó ń di ìrù oògùn náà mú. Nígbà tó bá dì í mú, fìtílà tó ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè pa lọ. Raji tó ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà á kú níwájú wọn. Ibi púpọ̀ láyé ni wọ́n ti ń fi Raji dán oògùn bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó fún aláìsàn.

Wọ́n tún lọ síwájú. Ní Houston, ní ilé ìwòsàn MD Anderson, Katy Rezvani àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú apani àbínibí láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun, èyí tí a máa ń dà nù tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un ní ọwọ́ àtọwọ́dá tó mọ àmì kan lára irú jẹjẹrẹ yìí, kí abọ́ má lè dá a dúró mọ́. Kí wọ́n tó fi kan ènìyàn, wọ́n fi í sára àwọn eku tí wọ́n ti fún ní jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ wo ni? Raji. Àwọn eku náà pẹ́ láyé ju àwọn tí kò gbà á. Lọ́dún 2020 wọ́n kéde pé wọ́n ti fún ènìyàn 11 tí oògùn mìíràn ti tì. Nínú 11 yẹn, 8 ni jẹjẹrẹ wọn fà sẹ́yìn, àyẹ̀wò kò sì rí jẹjẹrẹ náà mọ́ lára 7 nínú wọn.

Mo máa ń ronú nípa ìyá ọmọ náà. Obìnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ sílé ìwòsàn ní 1963, ọdún kẹta òmìnira wa. Kò lè rò ó láé pé ohun tí wọ́n yọ lára ọmọ òun yóò kọ́ ayé bí a ṣe ń tú ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti bí a ṣe ń dá a dúró. Ọmọ wa ni. Nígbà tí ẹ bá ń ka orúkọ àwọn tó gbé ìmọ̀ ìṣègùn ró, ẹ ka tirẹ̀ mọ́ wọn.

Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, fréjọ̀n ti ń dì. Ẹ bu oje àgbọn tó kù sí i. Kí ẹ tó dìde lọ gbé abọ́ kiri, ẹ gbọ́ ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání dé gbogbo ojúlé tí ẹ bá yà. Bí ẹ bá rí ọmọdé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tàbí tí eyín rẹ̀ ń mì nígbà tí kò tíì tó àkókò, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń ga lójijì, ẹ má fi àgbo dá a dúró sílé, ẹ má sì ní eyín lásán ni. Jẹjẹrẹ Burkitt lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń gbọ́ oògùn ju ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ lọ. Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere.